Mánéjà, Ìjọba àti Olùkọ́: Ẹgbẹ́ NUT àti Ìbéèrè Ẹni Tí Ó Ni Olùkọ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà

Kò sí ọmọ Yorùbá tí ó lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ tí kò tíì gbọ́ ọ rí pé ọ̀run ni èrè olùkọ́ wà. Àwàdà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fi ọ̀rọ̀ náà ṣe lónìí, àwọn olùkọ́ pàápàá a sì máa fi ṣe ara wọn ní yẹ̀yẹ́ nígbà tí owó oṣù bá pẹ́. Ṣùgbọ́n bí a bá fi ojú ìtàn wò ó, a ó rí i pé ó ń sọ nǹkan kan fún wa nípa ẹni tí ó gba olùkọ́ síṣẹ́ ní àtètèkọ́ṣe. Ẹni tí ìjọ Ọlọ́run bá gbà síṣẹ́, ọ̀dọ̀ Ọlọ́run ni wọn yóò ní kí ó ti lọ gba ìyókù owó rẹ̀.

Nínú ọ̀pọ̀ ìwé ìtàn ẹ̀kọ́ ní ilẹ̀ wa, ọdún 1955 ni a fi ń bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ ìjọba: Awólọ́wọ̀ pàṣẹ, Awókọ́yà ṣètò, àwọn ọmọ sì wọ ilé-ẹ̀kọ́ lọ́fẹ̀ẹ́. N kò ní í jiyàn pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Ohun tí mo fẹ́ sọ ni pé kí a tó lè pe ẹ̀kọ́ kan ní ti ìjọba, ó pọn dandan kí ẹnì kan ti pinnu pé ìjọba ni ó jẹ olùkọ́ ní gbèsè ní òpin oṣù. Ìpinnu yìí kò ti ọ̀dọ̀ àwọn olóṣèlú bẹ̀rẹ̀. Ẹgbẹ́ Àwọn Olùkọ́ Nàìjíríà, tí tọmọdé tàgbà mọ̀ sí NUT, ti ń béèrè láti ọdún 1931 pé ta ni ó ni olùkọ́. Ìbéèrè náà ni mo fẹ́ tọ ipa rẹ̀ nínú iṣẹ́ yìí, nítorí èrò mi ni pé òun ni ó so ìtàn ẹgbẹ́ náà pọ̀ láti ìgbà àwọn míṣọ́nnárì títí di ìsinsìnyí.

Olùkọ́ lábẹ́ mánéjà

Láti ìgbà tí àwọn míṣọ́nnárì ti bẹ̀rẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ní Àgbádárìgì ní àwọn ọdún 1840 ni ṣọ́ọ̀ṣì àti ilé-ẹ̀kọ́ ti jẹ́ ọmọ ìyá kan náà. Ní ọ̀pọ̀ ìlú, ilé kan náà ni wọ́n ń lò fún méjèèjì. Bẹ́ǹṣì tí àwọn ọmọ jókòó lé ní ọjọ́ Ẹtì ni àwọn ọmọ ìjọ ń jókòó lé ní ọjọ́ Ìsinmi. Olùkọ́ ni ó ń lu agogo, òun ni ó ń kọ́ àwọn akọrin ní orin, òun náà ni ó sì ń wàásù nígbà tí àlùfáà kò bá sí nítòsí. Tíṣà ìjọ ni wọ́n ń pè é, orúkọ náà sì bá a mu.

Ẹni tí ó ń ṣàkóso olùkọ́ ni mánéjà, ìyẹn ẹni tí ìjọ yàn láti bójú tó àwọn ilé-ẹ̀kọ́ agbègbè kan. Àlùfáà ni ó sábà máa ń jẹ́. Mánéjà ni ó ń gba olùkọ́ síṣẹ́, òun ni ó ń gbé e láti ìlú kan lọ sí òmíràn, òun ni ó sì lè dá a dúró. Olùkọ́ tí ó bá fẹ́ ìyàwó kejì lè pàdánù iṣẹ́ rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ẹni tí ó mọ ìṣirò kọ́ ọmọ tó o ní gbogbo agbègbè náà. Kì í ṣe pé gbogbo mánéjà ni ó rorò. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó fi ìfẹ́ tọ́jú àwọn olùkọ́ wọn. Àánú ni olùkọ́ ń rí gbà nígbà náà, kò ní ẹ̀tọ́ kan tí ó lè tọ́ka sí, ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín àánú àti ẹ̀tọ́ sì ni gbogbo ìjà tí ó tẹ̀ lé e dá lé lórí.

Ìjọba amúnisìn mọ̀ọ́mọ̀ fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni. Ó wù ú kí àwọn ènìyàn mọ̀wé tó láti ṣe akọ̀wé àti olùtumọ̀, kò sì wù ú láti ná owó. Nítorí náà, owó ìrànwọ́ ni ó ń fún àwọn ìjọ. Ilé-ẹ̀kọ́ tí àwọn alábẹ̀wò bá rí i pé ó dójú ìwọ̀n ń rí lára owó náà gbà. Èyí tí kò bá dójú ìwọ̀n ń fi owó ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ àti igbá ọrẹ ṣọ́ọ̀ṣì gbéra. Òfin ẹ̀kọ́ ti ọdún 1926 tún fi kún un pé olùkọ́ gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ kí ó tó lè kọ́ni. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ náà ti rí: ìjọba ni ó ń sọ ẹni tí ó yẹ ní olùkọ́, ìjọba ni ó ń bẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò, ṣùgbọ́n tí owó oṣù bá dín tàbí tí kò bá dé, ìjọba yóò ní kí ó lọ bá mánéjà rẹ̀, mánéjà yóò sì ní owó ìrànwọ́ ni kò tó. Àárín àwọn méjèèjì yìí ni olùkọ́ dúró sí.

Èkó àti Ìjẹ̀bú

Ní ọdún 1925 ni àwọn olùkọ́ Èkó dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀, J. Olumide Lucas sì ni olórí wọn, ẹni tí àwọn onímọ̀ Yorùbá mọ̀ dáadáa nítorí ìwé rẹ̀ lórí ẹ̀sìn àwọn Yorùbá. Ní ọdún kejì, àwọn ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ ní Ìjẹ̀bú kó ara wọn jọ. Ẹni tí ó ṣíwájú wọn ni Àlùfáà Israel Oludotun Ransome-Kuti, tí ó ti jẹ́ ọ̀gá àgbà ilé-ẹ̀kọ́ Grammar School ti Ìjẹ̀bú-Òde láti ọdún 1918. Ní ọjọ́ 8 oṣù Keje ọdún 1931 ni ẹgbẹ́ méjèèjì para pọ̀ di NUT ní Èkó, wọ́n sì fi Kuti ṣe ààrẹ. Ó wà lórí àga náà títí di ọdún 1954, èyí tí ó ju ogún ọdún lọ. Ní ọdún kan lẹ́yìn ìdásílẹ̀ ẹgbẹ́, ó kúrò ní Ìjẹ̀bú-Òde lọ di ọ̀gá àgbà Grammar School ti Abẹ́òkúta.

Ohun méjì ni mo rò pé ó yẹ kí a ṣàkíyèsí níbí. Èkíní ni pé àlùfáà ni Lucas, àlùfáà ni Kuti. Inú agbo àwọn tí a ti ń yan mánéjà gan-an ni àwọn olórí ẹgbẹ́ ti jáde. Àwọn kan lè sọ pé ìdí nìyí tí ẹgbẹ́ náà fi rọra ń sọ̀rọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀. Ní tèmi, mo rò pé ohun tí ó fún wọn ní agbára gan-an nìyẹn. Ẹni tí ó mọ inú ilé ni ó mọ ibi tí wọ́n ń tọ́jú owó sí. Kuti kò lè gbà kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀rọ̀ Bíbélì pa òun lẹ́nu mọ́ lórí owó oṣù, nítorí pé òun náà ń wàásù láti inú Bíbélì kan náà.

Èkejì ni pé àwọn ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ ni ó pọ̀ jù nínú àwọn tí ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, pàápàá ní ìhà Ìjẹ̀bú, kì í ṣe àwọn olùkọ́ kékeré tí ó ń kọ́ kíláàsì àkọ́kọ́. Ìwé ẹ̀bẹ̀ àti rírán aṣojú sí àwọn aláṣẹ ni irin iṣẹ́ wọn, kì í ṣe ìyanṣẹ́lódì. A kò gbọdọ̀ fi ojú òní wo èyí kí a sì pè é ní ojo. Lásìkò tí ọrọ̀ ajé gbogbo àgbáyé dẹnu kọlẹ̀, tí ìjọba ń gé owó ìrànwọ́ tí àwọn ìjọ náà sì ń gé owó oṣù, olùkọ́ tí ó bá dá iṣẹ́ sílẹ̀ yóò rí i pé ẹlòmíràn ti dúró ní ẹnu ọ̀nà.

Ìṣòro tí ó tilẹ̀ le ju ti owó lọ ni ti ìyapa láàárín àwọn ìjọ. Olùkọ́ Áńgílíkà, ti Mẹ́tọ́díìsì, ti Onítẹ̀bọmi, ti Àgùdà, àti láìpẹ́ ti Ansar-Ud-Deen tí a dá sílẹ̀ ní Èkó ní ọdún 1923, olúkúlùkù ni ó ní ọ̀gá tirẹ̀. Láti sọ fún wọn pé iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe, àti pé ìyà kan náà ni ó ń jẹ wọ́n, kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ jẹ́ ọ̀nà tí àwọn ìjọ fi ń du ọmọ mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Àwọn Àgùdà tilẹ̀ dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀ ní ọdún 1936, ààrẹ wọn àkọ́kọ́ sì ni J. F. Ọdúnjọ, ẹni tí ó kọ Aláwìíyé. Inú ètò yìí kan náà ni Fágúnwà wà nígbà tí ó ń ṣiṣẹ́ olùkọ́ ní Ọ̀yọ́ ní àwọn ọdún 1930. Àwa tí a ń kọ́ni ní lítíréṣọ̀ Yorùbá kì í sábà rántí pé àwọn ìwé tí a ń yẹ̀ wò ní kíláàsì, ọwọ́ àwọn òṣìṣẹ́ mánéjà ni wọ́n ti jáde.

Orúkọ ọkùnrin ni ó kún inú ìtàn ẹgbẹ́ náà, bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn obìnrin pọ̀ nínú iṣẹ́ náà. Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti, aya ààrẹ, olùkọ́ ni òun náà, kíláàsì mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà tí ó ń ṣe fún àwọn obìnrin ọlọ́jà ní Abẹ́òkúta sì wà lára ohun tí ó bí ẹgbẹ́ àwọn obìnrin Ẹ̀gbá tí ó kojú owó orí àti Aláké. Ilé kan náà ni ẹgbẹ́ méjèèjì ti rí olórí. Ọ̀rọ̀ yìí tó ìwádìí kan lọ́tọ̀.

Ìwé ẹ̀rí kan, owó méjì

Ohun tí NUT tẹnu mọ́ jù lọ ní ogún ọdún àkọ́kọ́ rẹ̀ ni ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín olùkọ́ ìjọba àti olùkọ́ ìjọ. Àwọn méjì lè jọ jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́ni kan náà, kí wọ́n jọ gba ìwé ẹ̀rí kan náà. Tí ọ̀kan bá bọ́ sí ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba, òṣìṣẹ́ ìjọba ni, ó ní owó ìfẹ̀yìntì, owó oṣù rẹ̀ sì ń lọ sókè ní ìlànà tí a kọ sílẹ̀. Tí èkejì bá bọ́ sí ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ, owó rẹ̀ kéré, ọjọ́ ogbó rẹ̀ sì di ohun tí Ọlọ́run bá ṣe. Bẹ́ẹ̀ sì ni ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ ni ó pọ̀ jù lọ fíìfíì, níbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọmọ sì wà.

NUT kò sọ pé kí ìjọba lé àwọn ìjọ kúrò. Ohun tí ó ń béèrè ni pé kí ìjọba gbà pé iṣẹ́ ìlú ni olùkọ́ ìjọ ń ṣe, kí owó àti ìfẹ̀yìntì rẹ̀ sì bá ti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mu. Nínú àròyé yìí ni mo ti rí gbòǹgbò èrò náà pé ẹ̀kọ́ jẹ́ ti ìlú. Tí a bá ti gbà pé olùkọ́ ìjọ ń ṣiṣẹ́ fún ìlú, a ti gbà pé ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ jẹ́ ti ìlú, ẹnikẹ́ni tí ìbáà kọ́ ilé náà.

Ẹgbẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ nígbà tí E. E. Esua di akọ̀wé àgbà tí kò ní iṣẹ́ mìíràn ju ti ẹgbẹ́ lọ ní ọdún 1943. Ó wà níbẹ̀ títí di ọdún 1964, ọdún kan náà tí ó ṣe alága àjọ tí ó ṣètò ìdìbò ìjọba àpapọ̀. Ní ọdún 1943 yìí náà ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi Kuti sínú Ìgbìmọ̀ Elliot lórí ẹ̀kọ́ gíga ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ìgbìmọ̀ tí iṣẹ́ rẹ̀ wà lára ohun tí ó bí yunifásítì Ìbàdàn ní ọdún 1948. Ààrẹ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ni wọ́n pè wá sọ bí ẹ̀kọ́ yóò ṣe rí. Ẹ jẹ́ kí a fi èyí sọ́kàn, nítorí a ó padà sí i.

Ọdún 1955

Ní ọjọ́ 17 oṣù Kíní ọdún 1955 ni ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn. Iye àwọn ọmọ tí ó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ fò láti nǹkan bí 457,000 ní ọdún 1954 sí ohun tí ó ju 811,000 lọ láàárín ọdún kan. Awókọ́yà tí ó jẹ́ mínísítà ti ṣe ọ̀gá àgbà ilé-ẹ̀kọ́ Mólúsì ní Ìjẹ̀bú-Igbó rí; Awólọ́wọ̀ ti ṣe olùkọ́ rí; Ọdúnjọ tí a dárúkọ lẹ́ẹ̀kan wà nínú ìjọba náà. Àwọn tí wọ́n mọ bí owó mánéjà ti rí lọ́wọ́ ni wọ́n jókòó ṣe òfin.

Owó orí tí wọ́n bù lé àwọn ènìyàn nítorí ètò náà dá ìjà sílẹ̀, ó sì wà lára ohun tí ó mú kí ẹgbẹ́ Action Group fìdí rẹmi nínú ìdìbò ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 1954 ní agbègbè tiwọn gan-an. Èyí ti di ọ̀rọ̀ tí a mọ̀. Ohun tí a kì í sábà sọ ni pé àwọn ìjọ ṣì ni ó ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ náà. Ìjọba kò gba ilé lọ́wọ́ wọn. Ohun tí ó gbà lọ́wọ́ wọn ni ìnáwó olùkọ́. Ní ọ̀nà mìíràn, ibi tí NUT ti ń tọ́ka sí láti ọdún 1931 ni ìjọba gbà wọlé.

Àṣeyọrí yìí ní àléébù tirẹ̀. Àwọn olùkọ́ tí a nílò kò sí nílẹ̀, nítorí náà àwọn ọ̀dọ́ tí kò tíì gba ẹ̀kọ́ olùkọ́ni kankan ni wọ́n kó sí iwájú kíláàsì lọ́pọ̀ yanturu, tí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́ni onípò kẹta sì ń sáré kọ́ wọn fún ọdún méjì. Ẹgbẹ́ tí ó ti ń jà kí a ka olùkọ́ sí ọ̀mọ̀wé iṣẹ́ rẹ̀ wá rí ara rẹ̀ láàárín ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ ẹgbẹ́ tí kò tíì ní ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ náà.

Nígbà tí ìjọba di mánéjà

Ní àwọn ọdún 1970 ni àwọn ìjọba ológun gba ilé-ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ àwọn ìjọ, NUT sì wà lára àwọn tí inú wọn dùn sí i. Ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọ̀fẹ́ dé gbogbo Nàìjíríà ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1976. Ìjọba nìkan ṣoṣo ni ó wá kù tí olùkọ́ lè pè ní ọ̀gá. Títí di òní, tí gómìnà kan bá sọ pé òun fẹ́ dá ilé-ẹ̀kọ́ padà fún àwọn ìjọ, gẹ́gẹ́ bí Èkó ti ṣe ní ọdún 2001, ibi tí ó ti lè retí àtakò ni ọ̀dọ̀ NUT. Àwọn kan a máa pe èyí ní ìfẹ́ owó ìjọba lásán. Ẹni tí ó bá mọ ìtàn mánéjà yóò mọ̀ pé ẹ̀rù tí ó jinlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ ni.

Ṣùgbọ́n ìjọba kì í ṣe ẹnì kan. Ìjọba àpapọ̀ wà, ti ìpínlẹ̀ wà, ti ìbílẹ̀ wà. Ní ọdún 1991, ìjọba ológun Babangida gbé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lé àwọn ìjọba ìbílẹ̀ lọ́wọ́ pátápátá, ó sì tú àjọ tí ó ti ń pín owó rẹ̀ láti òkè ká. Kò pẹ́ tí ọwọ́ fi tẹ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ibi, oṣù ń gun orí oṣù láìsí owó fún olùkọ́. Alága ìbílẹ̀ ń tọ́ka sí Abuja, Abuja ń tọ́ka sí alága. Ẹni tí ó bá ka ìròyìn ọdún wọ̀nyẹn pẹ̀lú ìtàn àwọn ọdún 1930 lọ́kàn yóò rí i pé eré kan náà ni, àwọn òṣèré nìkan ni ó yí padà.

Irin iṣẹ́ ẹgbẹ́ náà ti yí padà pẹ̀lú. NUT gùn lé ìyanṣẹ́lódì lẹ́yìn ìyanṣẹ́lódì, ọ̀pọ̀ ọmọ sì pàdánù àkókò tí kò ní padà. Ní ọdún 1993, Òfin 96 dá àjọ náà padà, ó sì gbé àkóso owó olùkọ́ kúrò ní ọwọ́ àwọn alága nìkan. Mo ka èyí sí àṣeyọrí tí ó tóbi jù lọ tí ẹgbẹ́ náà ṣe lẹ́yìn òmìnira. Ó ju owó oṣù tuntun ti ọdún 2008 lọ, ìyẹn èyí tí wọ́n yanṣẹ́ lódì fún káàkiri orílẹ̀-èdè, ó sì ju òfin ọdún 2022 lọ, èyí tí ó sún ọjọ́ ìfẹ̀yìntì olùkọ́ sí ọdún 65 tàbí ogójì ọdún lẹ́nu iṣẹ́. Àwọn wọ̀nyí fún olùkọ́ ní nǹkan. Òfin 96 dáàbò bo ilé-ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀.

Ibi tí mo ti ní àríwísí nìyí. Ní ọdún 2012, ìjọba Fáyẹmí ní Èkìtì fẹ́ ṣe ìdánwò fún àwọn olùkọ́ láti mọ ohun tí wọ́n mọ̀ àti ohun tí wọ́n kò mọ̀. Àwọn olùkọ́ kọ̀ jálẹ̀, ẹgbẹ́ sì dúró tì wọ́n. Ìdí wà tí wọ́n fi bẹ̀rù: kò sí ẹni tí kò mọ̀ pé ìwé ìdánwò lè di ìwé ìdádúró. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Kàdúná ní ọdún 2017, níbi tí ìjọba ti fi ìdánwò lé àwọn olùkọ́ tí ó tó 21,780 kúrò, fi hàn pé ìbẹ̀rù náà kì í ṣe àlá lásán. Síbẹ̀, ẹgbẹ́ tí ààrẹ rẹ̀ jókòó sínú Ìgbìmọ̀ Elliot yẹ kí ó lè sọ pé, ìdánwò yín kọ́, tiwa rèé. Láti ọdún 1993 ni òfin ti dá àjọ tí ń forúkọ olùkọ́ sílẹ̀, TRCN, nítorí náà ọ̀nà wà láti fi òṣùwọ̀n iṣẹ́ náà sí ọwọ́ àwọn tí ń ṣe é. Bí ìjọba ti di ọ̀gá kan ṣoṣo ni ẹgbẹ́ náà fi ọ̀rọ̀ ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ nínú kíláàsì sílẹ̀ fún un, tí ó sì di ọ̀rọ̀ owó nìkan mú. Mo gbà pé ó ní ìdí. Mo rò pé ó ná an ní ohun púpọ̀ ní ojú àwọn òbí.

Ọ̀rọ̀ kan nínú Òfin

Àtẹ Kẹrin nínú Òfin Orílẹ̀-èdè ti ọdún 1999 kò sọ pé ìjọba ìbílẹ̀ ni ó ni ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ohun tí ó sọ ni pé ìjọba ìbílẹ̀ yóò máa kópa nínú ohun tí ìjọba ìpínlẹ̀ ń ṣe láti pèsè rẹ̀ àti láti tọ́jú rẹ̀. Kíkópa: ẹni tí ń kópa kì í ṣe ẹni tí ó ni ín, ẹni tí ó sì ni ín kò ní ọwọ́ rẹ̀ nìkan. Nínú àlàfo yẹn ni olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ń gbé.

Nígbà tí Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ pàṣẹ ní ọjọ́ 11 oṣù Keje ọdún 2024 pé kí owó àwọn ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ tààrà sí ọwọ́ wọn, ọ̀pọ̀ ènìyàn jó. NUT kò jó. Ohun tí ó ń béèrè ni pé ta ni yóò máa san owó oṣù olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ báyìí. Àwọn ènìyàn ní ẹgbẹ́ náà ń dí òmìnira lọ́wọ́. Àwọn tí ọdún 1991 bá lẹ́nu iṣẹ́ kò rí i bẹ́ẹ̀.

Ní ọdún 2025, àwọn olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba ní agbègbè Abuja dá iṣẹ́ sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù lórí owó oṣù tó kéré jù lọ, 70,000 náírà, tí òfin ti fọwọ́ sí ní ọdún tí ó ṣáájú. Àwọn tí ń ṣàkóso olú-ìlú ní iṣẹ́ àwọn ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ni. Àwọn ìjọba ìbílẹ̀ ní owó tí ó wọlé fún àwọn kò tó. Ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọlọ́rọ̀ kò ti ilẹ̀kùn ní gbogbo àkókò yẹn.